Kí Aago Mẹ́rin Tó Lù

Okùn bàtà ọmọ kan ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń so lọ́wọ́ nígbà tí fóònù gbọ̀n nínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan yọ ọ́, ó fi ọwọ́ kejì di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú kó má baà sá lọ. Ojú ara rẹ̀ ló rí. Fọ́tò tó yà níjọ́ tí wọ́n ṣí kíláàsì tuntun ni, tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ayé ń yẹ. Ẹnì kan ti fi lẹ́tà pupa gbàgàdà kọ ọ̀rọ̀ kan gba iwájú orí rẹ̀ kọjá: OLÈ. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé obìnrin yìí yáwó, ó kọ̀ kò san, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó tàbí ọmọ síkàáwọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ti fún ẹsẹ̀ mi jù," ni ọmọ náà wí.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́." Ó dẹ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi náà, nítorí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n rìn jẹ́jẹ́, kí wọ́n jẹun jẹ́jẹ́, bí ẹkún bá sì di dandan, kí wọ́n sun ún jẹ́jẹ́. Kò sí òbí tó tíì gbọ́ igbe rẹ̀ rí. Bí ilé bá ń jó, wọ́n ní Àǹtí Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ to àwọn ọmọ sórí ìlà ná.

Kó tó ti fóònù náà bọ àpò padà ni ìpè wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ ti rí fọ́tò yín?"

Ohùn ọmọdébìnrin kan ni. Ó tutù, ó sì mọ́, bí ohùn ẹni tó fẹ́ béèrè bóyá èèyàn sùn dáadáa.

"Mo ti rí i."

"Ó ti wà ní sẹpẹ́ mà. Bí owó wa ò bá wọlé kí aago mẹ́rin tó lù, gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù yín ló máa rí i. Ìyá yín, ọkọ yín, ọ̀gá yín, gbogbo òbí tó ń gbé ọmọ fún yín. Ẹ kú iṣẹ́ mà."

Ẹ kú iṣẹ́ yẹn ló ta á lára jù.

Ojú ìyá rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi iṣẹ́ aránṣọ tọ́ wọn dàgbà, àfi bó ṣe di pé ó ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, tó sì ń kí àga ní ẹ kúulé. Dókítà ní bí wọn ò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú náà á kú pátápátá. Àwọn ọmọ ìyá pé jọ, kálukú ń wo ilẹ̀. Òun àkọ́bí ló la ẹnu. "Ẹ fi sílẹ̀," ló wí, "owó wà lọ́wọ́ mi." Kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló rí àwọn ayánilówó orí fóònù, tí wọn kì í béèrè onídùúró, tí wọn kì í béèrè ohun ìdógò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó gbà wọ́n láyè láti wò: àwọn èèyàn tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Ojú ìyá là. Ó ti tún ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ń fi yangàn káàkiri àdúgbò. Àmọ́ owó tí ọmọ rẹ̀ yá ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n po ìwúkàrà mọ́. Ó san án, ó tún un san, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá san án tán ni wọ́n ń wá orúkọ mìíràn fún ìyókù. Owó ìpẹ́. Owó iṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n gba owó ìránnilétí, ìyẹn owó wàhálà tí wọ́n ṣe láti máa dẹ́rù bà á.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Ẹni tí gbogbo ilé ń wò lójú ni. Ta ni òun fẹ́ wò lójú?

Bàtà Ọ̀gá kọ́kọ́ dún kí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó yọ. Obìnrin gíga ni, òun ló dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, bó bá sì ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ á ti jókòó kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Àpò aláwọ̀ búráwùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Owó ìrìnàjò àwọn ọmọ ti pé. Bá mi tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, kó o gbé e lọ sí báńkì láàárọ̀ ọ̀la." Ó na àpò náà sí i. "Bó bá wà lọ́wọ́ rẹ, ọkàn mi á balẹ̀."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì fi í sínú àpò épírọ́ọ̀nù.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, ó ní kí olùkọ́ kíláàsì kejì bá òun wò wọ́n, ó sì gba ojú títì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó ti gbìyànjú láti bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò bọ́. Itọ́ ló fi yọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Bàbá arúgbó kan jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó di awò kékeré kan mọ́ ojú kan. Ó gba òrùka náà, ó ha á mọ́ òkúta dúdú, ó sì kán omi tí wọ́n fi ń dán wúrà wò sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún yín ní nǹkan yìí?"

"Ọkọ mi ni, bàbá."

Bàbá náà yọ awò kúrò lójú. Ó wò ó tàánú-tàánú. "Ẹ bá mi kí i. Ó mọ ọjà á rà, torí idẹ tó dára tó èyí ṣọ̀wọ́n."

Ẹ̀rín ló gbé Àǹtí Jẹ́jẹ́. Kò mọ ibi tó ti wá. Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi jáde lójú rẹ̀, títí tí bàbá arúgbó náà fi gbé àga fún un, tó sì ń bẹ̀ ẹ́ bíi pé òun lòun da idẹ mọ́ wúrà. Ọkọ rẹ̀, bíríkìlà tí kò lè pa irọ́ fún ọmọdé! Ó rántí ọjọ́ tó fi òrùka náà sí i lọ́wọ́, bó ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé wúrà gidi ni, wúrà gidi ni, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló ti ń gbé ẹrù yẹn kiri lóun nìkan.

Ó dá òrùka náà padà sọ́wọ́. Òrùka náà wọ ìka rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ọ̀sán ni ìdánwò rẹ̀ dé. Àwọn ọmọ ti sùn lórí ẹní, wọ́n ti na ẹsẹ̀ kiri, afẹ́fẹ́ fáànù ń gbé etí aṣọ ìbora wọn sókè. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kó iye tí wọ́n ń béèrè jáde nínú àpò búráwùn, ó ká a, ó sì tì í bọ inú épírọ́ọ̀nù. Ó ní lọ́kàn pé òun á dá a padà. Ó yá ara rẹ̀ lẹ́nu bí ọkàn rẹ̀ ṣe tètè rí àwíjàre. Ó tún bẹ olùkọ́ kíláàsì kejì kó bá òun wo àwọn ọmọ, ó sì jáde ní géètì. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó sì ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé.

Obìnrin kan wà lábẹ́ agboòrùn ní ìkóríta, òun ló máa ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́. Ìlà gùn níwájú rẹ̀. Àǹtí Jẹ́jẹ́ tò sẹ́yìn wọn, ó fi ọwọ́ tẹ àpò mọ́lẹ̀. Oòrùn ń pa á. Ó dà bíi pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ló mọ ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òbí ọmọ kan fi ọkọ̀ kọjá, ó sì fọn fèrè kí i. Ó gbé ọwọ́ kejì, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín inú fọ́tò yẹn gan-an ni.

Ó ku ẹnì kan níwájú rẹ̀ nígbà tí fóònù dún.

"Ẹ káàsán mà. Aago ń lọ o."

"Mo ti wà níbi tí mo ti fẹ́ fi í ránṣẹ́."

"Ẹ ṣeun mà! Ẹ ṣeun gan-an ni." Ọmọdébìnrin náà mí jáde bí ẹni tí wọ́n gbé pàṣán kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀ ni ọkùnrin kan ti ń jágbe: "Ìwọ! Mélòó lo ti gbà láti àárọ̀?"

Kò sí nǹkan tí Àǹtí Jẹ́jẹ́ mọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀ tó ju kí ó gbọ́ ohun tí ọmọ kò tíì sọ. Kó tó rò ó, ohùn kíláàsì ló fi dá a lóhùn.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà jẹ wọ́n lówó ni?"

Ọmọdébìnrin náà yí ọ̀rọ̀ padà.

"Mà, ẹ ṣáà san án. Ẹ jọ̀ọ́."

"Bí mo bá san án lónìí, ṣé ó parí nìyẹn?"

Ohùn ọmọ náà wá sílẹ̀, bíi pé ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kì í parí, mà. Fọ́tò tèmi ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ yìí."

Ìpè náà gé.

"Ìyá, ó kàn yín o," ni obìnrin abẹ́ agboòrùn wí. "Èló lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ wò ó bíi pé ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń pòṣé.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Mi ò fi í ránṣẹ́ mọ́."

Bó ṣe ń padà lọ, orí rẹ̀ mọ́ kedere. Gbogbo owó tó ti san fún wọn, kí ni wọ́n tà fún un? Ìdákẹ́jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ara rẹ̀ náà ni wọ́n ń tà fún un, wọ́n sì ń fi owó lé e. Ó kó owó àwọn ọmọ padà sínú àpò búráwùn, ó gbé àpò náà sábẹ́ abíyá, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Ó fi fọ́tò hàn án. Nígbà tó dé ibi owó, ó gbé àpò náà sórí tábìlì. "Mo mú un jáde ní géètì, mà. Mo tò sórí ìlà. Mo ti dá a padà, ó pé, ṣùgbọ́n mo mú un jáde."

Ọ̀gá kò fọwọ́ kan àpò náà. "Kí ló dé tó o fi sọ ìyẹn? Mi ò bá má mọ̀ láéláé."

"Bí mo bá fi ẹyọ kan pamọ́ nínú ẹ̀, mà, ibẹ̀ ni wọ́n á tún ti dì mí mú."

Ọ̀gá wò ó pẹ́. Ó dìde, ó gbé àpò náà, ó sì tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. "Owó ilé-ẹ̀kọ́ yìí ò ní gba ọwọ́ rẹ kọjá mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyẹn nìyẹn. Nǹkan tó kù, a máa sọ ọ́ lọ́la." Ó wọ bàtà rẹ̀ tó bọ́ sábẹ́ tábìlì. "Èmi á lọ jókòó ti àwọn ọmọ. Dúró síbí, kó o pe àwọn èèyàn rẹ kí aago mẹ́rin tó lù." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Èmi náà wà nínú fóònù yẹn, àbí? Orúkọ wo lo fi mí pamọ́ sí?"

Ọjọ́ òtítọ́ ni ọjọ́ náà. "Kó-kó-kà, mà. Nítorí bàtà yín."

Ẹnu Ọ̀gá yẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà náà, ó fi í dání, ó sì rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ láìdún.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. "Olówó orí mi, bí ẹ bá wà lórí àkàbà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná."

"Kí ló dé? Ṣé Màmá ni?"

"Màmá wà dáadáa. Mo gbé òrùka mi lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ tà á."

Ó ń gbọ́ ṣọ́bìrì àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ó sọ fún ẹ."

"Ó ní kí n bá òun kí yín."

"Òjò ọdún yẹn ò jẹ́ ká ríṣẹ́ ṣe," ni ọkọ rẹ̀ wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ní màá pààrọ̀ ẹ̀ kó o tó mọ̀. Ọdún kan ń gorí ọdún kan. Ojú ń tì mí." Àfi bíi pé nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. "Kí lo wá fẹ́ fi owó òrùka ṣe?"

Ó sọ fún un. Ọkọ rẹ̀ kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pariwo. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ní, "Gbogbo àwọn òru tó o ní ooru ni kò jẹ́ kó o sùn."

"Kì í ṣe ooru."

"Mo ti gbọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé kí n máa bọ̀?"

"Rárá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí fóònù yín wà ní títàn. Fọ́tò mi ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín."

"Ìwọ obìnrin yìí, ojú ẹ tí mo máa ń rí láàárọ̀ kó o tó bọ́ ọ, mo ṣì wà láàyè. Fọ́tò wo ló tún fẹ́ dẹ́rù bà mí?"

Ó nu ojú pẹ̀lú etí épírọ́ọ̀nù kó tó pe ìyá rẹ̀. Ìpè yẹn ló le jù. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, títí tó fi dúró.

"Ìyẹn ni pé nítorí ojú mi lojú ṣe ń tì ọ́?"

"Màmá, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì dókítà, mò ń ṣàdúrà pé kí owó ọmọ mi má tán, láìmọ̀ pé kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. O ò bá sọ fún mi. Mo ní ẹ̀rọ méjì. Mi ò lè fi ẹsẹ̀ méjì wa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. À bá ti ta ọ̀kan." Ìyá rẹ̀ fọn imú. "Fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ojú yìí ti jẹ owó tó pọ̀, jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Lẹ́yìn náà ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òbí àti gbogbo ìyókù. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa àkọ́kọ́ rẹ́ nítorí pé ẹ̀bẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ìkejì ló ti sọ pé òun Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni, pé òun yáwó lọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì nítorí àìlera ìyá òun, pé òun ti san ju ohun tí òun yá lọ, pé wọ́n máa rí fọ́tò òun láìpẹ́, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Ó lọ.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó wà ní géètì, ó ń fa ọmọ lé òbí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ìgbà tí fọ́tò náà dé, nítorí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò àti báàgì káàkiri, bí ìgbà tí àwọn ìrẹ̀ bá jọ bẹ̀rẹ̀ orin. Obìnrin kan tó wọ aṣọ ọ́fíìsì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ láìkí i. Ó dùn ún wọ eegun, ó sì jẹ́ kó dùn ún. Bàbá kan tó ń wakọ̀ akẹ́rù wo fóònù rẹ̀, ó wo Àǹtí Jẹ́jẹ́, ó tún wo fóònù.

"Àǹtí, ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ló yẹ kí wọ́n gbé wá sí kíláàsì yín. Ẹ ò rí bó ṣe wọ́!"

Ẹ̀rín pa á láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè sọ. Wọ́n kàn ní, "Ó dàárọ̀ o, Àǹtí," bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, ìyẹn sì tó.

Géètì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nígbà tí nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ rí pè é.

"Mà, wọ́n ti fi ránṣẹ́." Ohùn tútù yẹn ni, ṣùgbọ́n kò tutù mọ́. "Fóònù tèmi ni mo fi ń pè yín. Ilé ìyàgbẹ́ ni mo wà. Ẹ má bínú, mà."

"Mo ti mọ̀. Gbogbo wọn ti gbọ́ lẹ́nu mi kó tó dé."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Omi ẹ̀rọ kan ń kán níbi tí ọmọ náà wà. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ọmọ náà ní òun ń bọ̀, àmọ́ kò pa fóònù.

"Kí ni wọ́n ní?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ rò ó, kó má baà parọ́ fún un. "Ẹnì kan ò kí mi. Wọn ò ní jẹ́ kí n di owó mú níbi iṣẹ́ mọ́. Ìyá mi bínú, ó sì lọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kejì jáde láti tà á." Ó gbé fóònù lọ sí etí kejì. "Ta ni kò yẹ kó rí fọ́tò tìrẹ?"

"Bàbá mi."

"Ṣé ó wà nílé báyìí?"

"Á wà nílé."

"Ó dáa. Pè é. Bí ó bá pariwo, jẹ́ kó pariwo tán. Lẹ́yìn náà kó o tún pè mí."

Ìpè náà gé jẹ́jẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù ní géètì, tí wọn ò tíì wá mú. Àǹtí Jẹ́jẹ́ jókòó tì í lórí pèpéle, ó gbé fóònù lé orí itan. Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, bó bá ti dún, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Nísinsìnyí ó ń wò ó, ó sì rí i pé òun ń retí kó dún.